Àpótí Ìyàwó Mi Nínú Jíìpù Adébánjí

Íńṣì méjì kẹ̀? Ọ̀gá Màmúdù, ẹ jókòó ná, mo ti gbé àpótí kalẹ̀ fún yín, ẹ jókòó kí ẹ tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa. Ẹ ní íńṣì méjì péré lẹ máa fi gbé jíìpù mi sókè, èyí tẹ́ ẹ fi gbé ti Adébánjí ńkọ́? Ṣé íńṣì méjì ni tiẹ̀? Ọ̀dọ̀ yín níbí náà ló gbé e wá, ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì yín lábẹ́ igi yìí, gbogbo Ibafo ló rí i nígbà tó ń jáde, ó ga bíi pé ó fẹ́ yọjú wo inú yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìgbà tó wá kan èmi ni ẹ wá mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn rọra ṣe.

Ẹ má bi mí mọ́ pé kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò ṣe, ẹ ti ń bi mí láti ìgbà tí mo dé. Mo fẹ́ ga ju Adébánjí lọ, ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyẹn. Ẹ ní lift kit tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò ga yìí, oríṣiríṣi ló wà, pé ó ní èyí tí wọ́n kàn ń fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní sípésà lé orí sípíríǹgì àtijọ́, ó ní èyí tí wọ́n ń yọ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì dànù tí wọ́n ń fi tuntun tó gùn díẹ̀ sí i, ó sì tún ní èyí tó ga gan-an, tó jẹ́ pé gbogbo abẹ́ mọ́tò lẹ máa tú palẹ̀. Mo gbọ́. Èyí tó ga gan-an yẹn, òun ni mo fẹ́. Ẹ ní á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo bá ń sáré lórí ẹsipírẹ́ẹ̀sì, ẹ jẹ́ kó máa mì. Ẹ ní á máa jẹ táyà, ṣebí èmi ni mo ni táyà.

Àbí ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí ni? Ẹ mọ ọ̀nà àdúgbò wa ní Mowe, ibi tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà dé tí wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n bá tiwọn lọ. Tí òjò bá rọ̀, odò ni. Àárín odò yẹn ni mo wà lọ́jọ́ náà, èmi àti Tolúwalọpẹ́ ìyàwó mi, òun ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Arepo, èmi ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta táìsì ilẹ̀ ilé, ni jíìpù mi bá kú. Jíìpù là ń pè é o, omi sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ìyàwó mi gbé bàtà rẹ̀ lé orí itan. Ìgbà yẹn ni Adébánjí, ẹni tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa, ń wọ́ bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wa. Omi ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn tiẹ̀. Ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Mọ́mì Layọ̀mi, ẹ bọ́ sínú tèmi jàre, kí ẹ má pẹ́ níbi iṣẹ́. Mọ́mì Layọ̀mi nìkan ló rí. Ìgbà tí ìyàwó mi ti wọlé tì í tán ló tó rántí pé èèyàn wà nínú mọ́tò, ó ní Dádì Layọ̀mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá Màmúdù, ṣé ẹnìkan ti gbé ìyàwó yín lọ lójú yín rí kó tún wá kí yín pẹ̀lẹ́?

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo àárọ̀ ló ń gbé e lọ. Èmi á gba ọ̀nà ẹ̀yìn tó yí gba ẹ̀gbẹ́ oko ìrẹsì, tí mo bá sì ní kí ìyàwó mi bá mi lọ, á ní wọn ò ní gbà á fún òun níbi iṣẹ́ tí òun bá pẹ́, òótọ́ ló sì sọ, òótọ́ yẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ni màá bá dúró sẹ́nu géètì, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi, màá máa juwọ́ sí obìnrin tí mo fẹ́ níwájú pẹpẹ, níwájú ìjọ, bó ṣe ń lọ nínú jíìpù ọkùnrin mìíràn.

Ìyẹn ò tó. A jókòó ti oúnjẹ, ìyàwó mi gbójú sókè, ó ní kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń da mọ́tò mi láàmú, pé abẹ́ rẹ̀ ló sún mọ́ ilẹ̀ jù, pé ṣọ́ọ̀kì mi ti kú. Ṣọ́ọ̀kì. Tolúwalọpẹ́ tí kò mọ ibi tí wọ́n ń da omi sí lára mọ́tò. Mo ní ta ló sọ fún ẹ? Ó ní Adébánjí ni. Adébánjí ní sípíríǹgì tó dáa ló ṣe pàtàkì, Adébánjí ní páálí táìsì tí mò ń kó sí búùtù ló tẹ mọ́tò mi mọ́lẹ̀, Adébánjí ní kí n má wulẹ̀ gbé e ga jù. Mo ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo jowú, kí ni mo fẹ́ pa irọ́ fún yín sí? Èmi àgbàlagbà, mo ń jowú nítorí ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní páálí táìsì ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóòótọ́? Pé sípíríǹgì tuntun pẹ̀lú íńṣì méjì ti tó fún omi àdúgbò wa? Ohun tí Adébánjí sọ gẹ́lẹ́ lẹ tún ń sọ yìí. Ṣé ẹ jọ ṣèpàdé lórí mi ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ yìí. Àpótí kan wà ní kíṣìnnì wa, àpótí ìjókòó, òun ni ìyàwó mi máa ń jókòó lé tó bá ń já ẹ̀fọ́. Èmi ni mo rà á fún un ní Àgbàdo nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Mo wá a, mi ò rí i. Mo bi Layọ̀mi ọmọ wa, ó ní òun ò mọ̀. Ó di ọjọ́ Sunday, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Adébánjí ṣí búùtù rẹ̀ níta láti kó ẹrù, kí ni mo rí? Àpótí ìyàwó mi ni, ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ bí onílé. Ẹ mọ̀ pé Tolúwalọpẹ́ ò ga, bó ṣe rí nígbà tí mo fẹ́ ẹ nìyẹn, mi ò ráhùn rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kàn ká jíìpù gíga yẹn ni. Mo bi ìyàwó mi pé kí ni àpótí wa ń wá níbẹ̀. Kò tiẹ̀ ta gìrì. Ó ní òun lòun gbé e síbẹ̀ kí òun lè máa fi gun mọ́tò, pé tẹ́lẹ̀, Adébánjí ló máa ń na ọwọ́ sí òun kó tó fa òun wọlé.

Ọwọ́. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, láti Sunday ni mo ti ń rò ó bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni àbí ti òsì. Mo ń kó táìsì fún oníbàárà, ọwọ́ ni mò ń rí. Pásítọ̀ ń gbàdúrà níbi ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, ó ní ká gbé ọwọ́ sókè, mi ò lè gbé tèmi.

Ni mo bá jí láàárọ̀ yìí, mo bá Adébánjí níta tó ń nu gíláàsì, mi ò kí i, mo ṣí búùtù rẹ̀ fúnra mi, mo gbé àpótí mi, mo sọ ọ́ sínú mọ́tò mi, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá bá yín. Òun náà lẹ jókòó lé yẹn. Ẹ má dìde, kò ṣe yín ní nǹkan kan.

Ẹ wí kí ni? Ẹ ní tó bá jẹ́ pé ọwọ́ Adébánjí dùn mọ́ ọn, kí ló máa wá gbé àpótí jáde nílé fún?

Ẹ dúró ná. Ẹ ní torí kó má baà di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ ló ṣe gbé e.

Hùn. Mi ò rò ó débẹ̀ o. Àpótí ni mo ń bínú sí láti Sunday, àṣé àpótí ló ń bá mi ṣọ́ ìyàwó mi.

Ó ku kí ni? Ẹ ní tí àpótí bá wà níbí, kí ni ìyàwó mi fi gun jíìpù Adébánjí láàárọ̀ yìí?

Yéè. Ọ̀gá Màmúdù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo dá ọwọ́ padà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú fóònù mi tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn.

Hẹ́lò, Lọpẹ́. Níbo lo wà? Nílé? O ò lọ ibi iṣẹ́? Adébánjí na ọwọ́, o ní rárá, o ní kó máa lọ. O ti sọ fún wọn pé o ò ní lè tètè dé. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbé e. Mo mọ̀ pé mi ò sọ fún ẹ. Mo mọ̀. Inú bí mi ni. Kí lo wá jókòó lé báyìí tó o fi ń já ẹ̀fọ́? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Má já a mọ́, wọ bàtà rẹ, mò ń bọ̀.

Ẹ dìde lórí àpótí mi. Ìyàwó mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì, ẹ̀yin gorí àpótí rẹ̀ ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti gbà, sípíríǹgì tuntun, ṣọ́ọ̀kì tuntun, íńṣì méjì tẹ́ ẹ wí, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí màá fi gbé ìyàwó mi dé ibí. Òun lẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Kó gun mọ́tò lójú gbogbo wa, tó bá jẹ́ íńṣì kan ààbọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, kan ààbọ̀ là ń ṣe, kí omi máa tọ́ mi lẹ́sẹ̀ wò tó bá wù ú. Mi ò fẹ́ àpótí nínú mọ́tò mọ́, mi ò fẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ọwọ́ kan bá máa wà níbẹ̀, tèmi ni.

Rárá, ọ̀nà ẹ̀yìn ti jìn jù. Etí omi yẹn ni màá páàkì sí, màá ká ṣòkòtò mi, màá la omi náà kọjá, màá sì pọn Lọpẹ́ sẹ́yìn padà sínú mọ́tò, òun pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, níṣojú gbogbo àdúgbò. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń dùn mí. Adébánjí ti lọ síbi iṣẹ́, kò ní rí wa.