Ihò Tí Eyín Mi Fi Sílẹ̀ Ti Dí

Ògo ni fún Ọlọ́run tó dá ẹnu tí mo fi ń yìn ín! Ẹ̀yin ará mi ní Bantè, ọjọ́ tí dókítà eyín ní Savalou lo dígí kékeré láti fi inú ẹnu ara mi hàn mí ni ọ̀rọ̀ eyín ti wọ̀ mí lẹ́mìí. Ìwé yòówù tó bá sọ nípa eyín, mo ń kà á.

Wọ́n yọ eyín tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ lápá òsì fún mi, irú èyí tó máa ń hù nígbà tí èèyàn bá ti dàgbà. Dókítà kìlọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ ṣan ẹnu, mi ò gbọ́dọ̀ tutọ́ tagbáratagbára, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé wa. Ta ni yóò kí ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ láì tíì fọ ẹnu? Mo bu omi gbígbóná, mo fi iyọ̀ sí i, mo ṣan ẹnu kíkankíkan, mo tú u dànù. Ẹ̀jẹ̀ dídì kan bá omi náà jáde. Mo kúnlẹ̀, mo kí Màmá.

Kò pẹ́ tí ìrora fi dé. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gba etí, ó gòkè dé àtàrí. Mi ò sùn, mi ò sì jí. Àwọn òkè ń léfòó nínú ìkùukùu ọyẹ́, àwọn igi kajú ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́, wà níbi iṣẹ́ ní Atokoligbé. Màmá ló dì mí mú lórí alùpùpù títí a fi dé Savalou.

Dókítà ní ihò náà ti ṣófo, egungun ló ń wo òun. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ni ìbòrí rẹ̀, ó sì ti ṣí kúrò. Ó wá bi mí pé:

“Ṣé ẹ ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí?”

Ẹ̀rù bà mí. Èmi àti ọkọ mi nìkan la mọ̀. Màmá ń retí ọmọkùnrin lọ́dọ̀ mi, òun ló sì jókòó tì mí yìí. Mo wo ojú rẹ̀.

“Kí lo ń wò mí sí?” ni Màmá wí. “Ṣé èmi ni eyín ń dùn ni? Dá a lóhùn.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oníhóró ni, mo ń gbé e mì lójoojúmọ́.

Dókítà ní èròjà inú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ náà tètè yọ́, omi tí mo fi ṣan ẹnu sì dá kún un. Ó ní kí n má torí ìyẹn dá oògùn náà dúró. Bí a bá tún fẹ́ yọ eyín mìíràn, kí n kọ́kọ́ sọ fún òun, kí a lè yan ọjọ́ tó yẹ. Ó fọ ihò náà jẹ́jẹ́, ó fi òwú tí wọ́n rẹ sínú òróró kànáfùrù dí i. Ẹ bá mi yin Olúwa! Òórùn dídùn náà gba orí mi, ìrora ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ìkùukùu tó ń ká kúrò lórí òkè. Mo sùn lọ sí èjìká Màmá.

Nígbà tí mo lajú, ó ní, “Obìnrin méjì tí o bí ti tó mi í gbé. Ìwọ ṣáà jẹun. Títí ibẹ̀ yóò fi jinná, máa kí mi láì fọ ẹnu.”

Bàbá, o ṣé! O ṣé, o tún ṣé! Ẹ̀yin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn, ẹ má jókòó ti ìrora. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì, ẹni yòówù tó bá wà níbẹ̀. Lásìkò ìrora, ẹnu mi ò ṣeé là dáadáa, ìka kan ṣoṣo ló ń gbà. Láàárọ̀ yìí, kí n tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún dán an wò: ihò náà ti dí, ẹnu mi sì là dáadáa, ó gba ìka mẹ́ta lórí ara wọn.