Netta, Ta Ló Ní Kó O Sọ̀rọ̀?

Netta, jẹ́ kí n jókòó ná, ó ti rẹ̀ mí. Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n lónìí. Ẹ̀gbọ́n ta ni? Ẹni tó o dójú tì níwájú gbogbo ará Inverlarrie?

Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mì! Ta ló rí i? Mo ní ta ló rí i? Èmi tí mo dúró tì ọ́ ò rí i. Lorna Haldane ará Kilfarran tá a jọ ń díje, tójú ẹ̀ dà bíi ti àwòdì, kò rí i. Atẹ́gùn òkun ń gbá wa létí látàárọ̀, òjò ń nà wá bí olè, síbẹ̀ títí a fi dé ihò ìkẹyìn, ọgbọọgba làwa àtàwọn ará Kilfarran wà. Mo gbá bọ́ọ̀lù wa jáde nínú kòtò iyanrìn, o ṣáà rí bí mo ṣe gbá a, ó lọ rọra jókòó sínú koríko létí ihò, ó ku kó o kàn tì í wọlé ká gbé ife relé. Lo bá gbé ọ̀pá kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, lo bá nàró, lo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù mì, èmi ni mo mì í, ẹ ka ẹ̀ẹ̀kan kún iye tí a gbá."

Olúwa ò! Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni wọ́n fi nà wá.

Mo mọ̀, mo mọ̀, òfin lòfin. Ta ló ń bá ọ jiyàn òfin? Haldane ń bọ̀ mí lọ́wọ́, "Ishbel, pẹ̀lẹ́ o." Pẹ̀lẹ́ kẹ̀! Ṣé pẹ̀lẹ́ ni wọ́n máa kọ sára ògiri ilé ẹgbẹ́, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó gba ife sí?

Baba wa gé koríko pápá yẹn títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi tẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú ilé ẹgbẹ́ wọlé rí. Ohun tó kù tó ń fẹ́ láyé ni kó gbọ́ pé orúkọ Geddie, orúkọ ìdílé wa, wà lára ògiri wọn, láàárín àwọn olówó. O wá fi bọ́ọ̀lù tó mì ìbú irun kan...

Mi ò lágbára ariwo mọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá sọ fún un. Ìwọ olótìítọ́, dìde, gòkè lọ bá a lórí ibùsùn, kó o...

O ti sọ fún un? Ìgbà wo? Nígbà tí mò ń bọ́ bàtà? Kí ló wí? Ó sunkún? Dá mi lóhùn, yéé rẹ́rìn-ín sínú tíì!

Ó ní kí ni? "Ta ló ní kó o máa wo bọ́ọ̀lù nígbà tó o lè wo òkun?" Baba? Baba wa yìí, tó máa ń lé wa pé ká lọ dá bọ́ọ̀lù tá a bá he nínú igbó padà fún oníǹkan?

Há! Há-há! Yéè, ẹ̀gbẹ́ mi o! Kúrò lọ́nà, Netta, jẹ́ kí n gòkè lọ bá bàbá burúkú yẹn!