Ìwé Mojírádé Tí Mo Gbé Jó ní Ṣọ́ọ̀ṣì

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

YÈYÉ: Mojírádé! Ọmọ ọmọ mi! Má tíì kí mi. Àgbàyà ni ìyá bàbá rẹ.

MOJÍRÁDÉ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Yèyé. Kí ló dé? Mo ṣì wà ní ọ́fíìsì n'Íbàdàn—

YÈYÉ: Ìwé ìwádìí rẹ yẹn. Ti àwọn òpó nẹ́tíwọọ̀kì, bí olè kò ṣe ní í rí wọn bà jẹ́. Mo gbé e lọ síbi ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè.

MOJÍRÁDÉ: Ẹ gbé e lọ síbo?

YÈYÉ: Ṣọ́ọ̀ṣì! Ta ni ọmọ rẹ̀ á kọ̀wé tí kò ní í gbé e jó? Mo gbé e lé orí, mo jó títí ìró fi fẹ́ bọ́ ní ìdí mi. [Ẹ̀rín] Nígbà tí mo sì ṣí i pé kí n máa wò ó, àṣé mo dorí rẹ̀ kodò! Ọkùnrin kan ló bá mi yí i.

MOJÍRÁDÉ: Ọkùnrin wo?

YÈYÉ: Àlejò ni, ó wọ kóòtù. Ó kà á fún mi dáadáa. Ó tún fi fóònù ya— Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

MOJÍRÁDÉ: Mo gbọ́! Ojú ìwé wo ló yà?

YÈYÉ: Èyí tí o fi bírò pupa fàlà sí.

MOJÍRÁDÉ: Jésù! Yèyé, mo ní ìwé yẹn kò gbọdọ̀ jáde nínú àpótí yín! Ibẹ̀ ni mo to àwọn òpó tí ọgbà wọn ti ya sí, tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣọ́—

YÈYÉ: Mo rò pé ohun tó bá wà nínú àpótí, àdúrà kò ní í dé ibẹ̀.

MOJÍRÁDÉ: Òpó Emùré tí wọ́n jí bátìrì rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ni number one. Ti ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lánàá, number two—

YÈYÉ: Tí wọ́n ti ṣẹ́ ọlọ́dẹ lápá.

MOJÍRÁDÉ: Ẹ ti gbọ́?

YÈYÉ: Ohun tí mo gbọ́ ni mo fi ń pè ọ́. Èwo ló ṣe ìkẹta?

MOJÍRÁDÉ: Yèyé... ti ìdí kòkó yín ni. Bọ̀ọ̀dá Adéníran tó ń ṣọ́ ọ dà?

YÈYÉ: Ó wá sí ulé lọ́sàn-án. Ó ní ọ̀kadà kan gbé ọkùnrin mẹ́ta, ó yí òpó òun po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.

MOJÍRÁDÉ: Thank God! Kí wọ́n má kúrò nílé o—

YÈYÉ: Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Irùngbọ̀n rẹ nìkan ló dàgbà." Mo di uṣu sísun fún un, mo lé e padà sídìí òpó.

MOJÍRÁDÉ: Ah! Yèyé!

YÈYÉ: Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti pè é. Ó ń dún, kò gbé e. Akínyẹmí aládùúgbò wa ti lọ pe ọlọ́pàá. Èmi wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń wo orí òpó náà. Iná pupa rẹ̀ ti kú.

MOJÍRÁDÉ: Yèyé, òpó yẹn ló ń gbé fóònù yín! Bí wọ́n bá ti tú bátìrì— Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ má lọ síbẹ̀ o! Ẹ má—

[Ariwo fóònù, ṣíṣì-ṣíṣì]

YÈYÉ: Ohùn rẹ ń lọ. Mojírádé, ṣé o gbọ́ mi? Ìwọ lo kọ ọ́, èmi kò mọ̀wé. Kí ló wà nínú ìwé náà pé wọ́n máa ń ṣe fún ọlọ́dẹ tí kò bá sá?

[Fóònù já.]