Bí Olúwa Ṣe Fi Ẹrẹ̀ Mú Bùsáyọ̀ Wọ Sẹ́kọ́ńdìrì

Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì jókòó. Ẹ kọ́kọ́ bá mi pariwo Hallelúyà! Ẹ tún un ṣe, ti àkọ́kọ́ yẹn ò dé òrùlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí níwájú àwọn tó ń retí kí ojú tì mí. Àwọn kan nínú wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Mo rí yín o, mo sì kí yín.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò, èmi ni wọ́n ń pè ní Mama Tíṣà. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé kí n máa bá àwọn òbí wá sikọ́láṣíìpù ìjọba ìpínlẹ̀ fún ọmọ wọn. Ìjọba ní ọmọ tí kò bá sí sẹ́kọ́ńdìrì gidi níbi tó ń gbé, kí òbí ẹ̀ mú ilé ìwé tó bá wù ú, àwọn á sanwó ẹ̀. Mo wá lọ bá àwọn èèyàn wa, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ń dáko kòkó nínú abà kan lẹ́yìn Ẹlẹ́gbẹ̀ka. Ibẹ̀ ni mo ti rí Bùsáyọ̀. Ọmọ yìí mọ̀wé, àní ó mọ̀wé! Ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ ti bá obìnrin kan ní Benin sọ̀rọ̀ pé bí sikọ́láṣíìpù ò bá bọ́ sí i, kó wá mú un lọ, kó máa bá a tajà. Aṣọ ọmọ ti wà nínú báàgì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Ọmọ Ọ̀wọ̀ lè wà lóko látìgbà èwe, kó fẹ́yàwó síbẹ̀, kó bímọ síbẹ̀, kó hewú síbẹ̀, bí o bá bi í pé níbo ló ń gbé, Ọ̀wọ̀ ni yóò wí. Gbogbo àwọn bàbá yẹn ló sọ fún ọ́fíìsì sikọ́láṣíìpù pé Ọ̀wọ̀ làwọn ń gbé! Ọ́fíìsì ní kò burú, ṣebí ilé ìwé pọ̀ l'Ọ́wọ̀. Wọ́n yọ gbogbo wọn dànù.

Ṣé kí n wá lọ sùn ni? Èmi kọ́! Mo lọ jókòó ti ọ́fíìsì yẹn títí ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fi ní òun á wá fojú ara òun wo abà náà ní Sátidé. Bí òun bá bá wọn níbẹ̀, tí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ pé ibẹ̀ làwọn ń gbé, ó parí. Bí òun ò bá bá wọn, kí n má padà wá mọ́.

Àṣé Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n bàbá Baba Bùsáyọ̀ l'Ọ́wọ̀, ẹbí kan náà ló sì pọ̀ jù nínú abà yẹn. Olórí ẹbí ti ránṣẹ́ pé ẹni tí òun ò bá rí, kó má pe ara ẹ̀ ní ọmọ ilé àwọn mọ́. Mo bẹ Baba Bùsáyọ̀ pé kó dúró. Ó ní, "Mama, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ará oko ni? Ọmọ Ọ̀ghọ̀ ni mí o, ọmọ Ọ̀wọ̀ gidi!" Wọ́n tiẹ̀ wá fẹjọ́ mi sun pásítọ̀ níbí, pé mò ń sọ ọmọ ìlú di ará oko. Ni mo bá kúnlẹ̀. Mo ní, Ọlọ́run, ìwọ lo rán mi, wá dá wọn dúró fúnra ẹ, torí èmi ò ní bẹ̀ wọ́n mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé! Mọ́tò tó fẹ́ kó wọn lọ síbi òkú rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà abà. Ṣùgbọ́n jíìpù tí ọ̀gá ọ́fíìsì fi gbé mi wá náà ò lè wọlé. Mo ní ó ti tán. Ni ọ̀gá yẹn bá bọ́ bàtà ẹ̀ sọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ níwájú. Ẹrẹ̀ mù wá dé orúnkún. Ó bi mí bóyá ọ̀nà yìí làwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé. Mo ní òun náà ni.

Àfi bí a ṣe pàdé Baba Bùsáyọ̀! Ó ti wọ léèsì funfun, ó ká ṣòkòtò sókè, ó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé títì. Bùsáyọ̀ ń bá a gbé bàtà bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá kí i, ó ní, "Bàbá, níbo lẹ̀ ń gbé?"

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀. Ó wo ọ̀nà títì, ó wá wo ọmọ ẹ̀. Ọmọ yẹn di bàtà bàbá ẹ̀ mọ́ àyà. Bàbá ní, "Mà, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n máa sin mí sí. Ṣùgbọ́n ibí ni mò ń gbé."

Ògo ni fún Jésù! Bàbá fúnra ẹ̀ ló yí padà, tó mú wa wọ abà, tó ní kí gbogbo wọn jáde wá sọ ibi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n sì sọ ọ́.

Bùsáyọ̀, dìde. Ẹ wo yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn ẹ̀! Báàgì tí wọ́n fi di ẹrù Benin, ìwé ló wà nínú ẹ̀ báyìí. Bàbá ẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn, olórí ẹbí ò tíì dá a lóhùn. Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ará oko, kó pè é, èmi ni n óò dáhùn: ará oko ni o, ọmọ ẹ̀ sì ń lọ sílé ìwé tó wù ú!

Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ yọ̀, kó sún sẹ́yìn, kí àwa ará oko ráyè jó fún Olúwa.