Ẹ̀rọ Ló Gbọ́ Orúkọ Mi Lẹ́nu Ìyá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ohùn mi dé yàrá kejì. Ìyá mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ó ń mí, ó ń gbé ẹ̀kọ mì tí a bá fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, ó sì ń gbọ́ ohun tí a bá sọ, ṣùgbọ́n kò lè fọhùn mọ́. Dókítà ní ohùn náà lè padà, ó sì lè má padà. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti bí mi, kò pe orúkọ mi rí, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an sì ni mi ò sí nílé. Ẹ̀rọ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn ló gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ, ó fi í pamọ́, kò sì ṣe nǹkan kan sí i. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí mo bá ní kí n sunkún, omi ojú mi ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni wá, ṣùgbọ́n ọdún Iléyá nìkan la fi ń dé Ìlọrin. Sábọ́n Gàrí ní Sáríà ni wọ́n bí ìyá mi sí, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló sì ti bí èmi àti Kàmọ́rù àbúrò mi. Àárín àwọn obìnrin Hausa ló dàgbà sí, ó sì gba ohun tí wọ́n ń pè ní kunya lọ́wọ́ wọn. Ìtìjú ọmọlúàbí ni: ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, kì í gbé e jó níṣojú àwọn ènìyàn, kì í jẹ́ kí aráyé rí i pé ó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni àkọ́bí. Bí Kàmọ́rù bá ń ti ilé kéú bọ̀, ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi ti máa ń pe orúkọ rẹ̀, tí yóò tún fi oríkì lé e. Èmi ńkọ́? “Ìwọ yìí.” “Ọmọ ọ̀hún.” Ìgbà tí mo bí ọmọ tèmi ni mo tó rí orúkọ gbà lẹ́nu rẹ̀, ó ń pè mí ní Ìyá Sọ̀díìkì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé, wọ́n pa àgbò, wọ́n sọ mí lórúkọ tó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rọbí mi kò fi pè mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í léèrè. Ó ní, “Haba! Ṣé orúkọ ló bí ẹ ni? Tí mo bá ń pè é káàkiri, kí ni àwọn ènìyàn á máa wí?” Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló wá ṣàlàyé fún mi pé ìfẹ́ ni, pé ohun tó wu ènìyàn jù ló máa ń fi aṣọ bò. Mo gbọ́, mo sì ní ó ti yé mi. Irọ́ ni mo pa, kò yé mi.

Nígbà tí bàbá wa kú, tí ojú ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, mo mú un wá sílé mi ní Kwangila, ní Sáríà kan náà. Bàtà ọmọdé ni mo ń tà lọ́jà Sábọ́n Gàrí, àárọ̀ ni mo ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dé, Sọ̀díìkì sì ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú mìíràn. Hájíyà Lárai, aládùúgbò wa tí ògiri kan ṣoṣo pààlà àwa àti òun, ló máa ń yọjú sí i lọ́sàn-án. Rédíò kékeré kan ni ìyá mi fi ń gbọ́ kíké Kùránì. Ẹ̀mí rẹ̀ ni kíké Kùránì, ṣùgbọ́n rédíò náà ń hó ṣùẹ̀ṣùẹ̀ bí àkàrà tí wọ́n ń dín nínú epo. Ìyá mi á dẹ etí sí i, á máa wá ìparí ọ̀rọ̀, kò ní í rí i. Ó máa ń dùn mí láti wò ó. Ojú ti lọ, kí etí náà tún wá máa jìyà?

Kàmọ́rù, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, wá sílé fún Iléyá, ó sì gbé ẹ̀rọ méjì wá, irú èyí tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ tó ń dáni lóhùn. Ó ní ká yan ọ̀kan, kí òun mú ìkejì padà. Àkọ́kọ́ ní bátìrì nínú, ó sì ní bọ́tìnnì pupa ńlá kan lórí. Bí ìyá mi bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, fóònù mi á dún lọ́jà, láìjẹ́ pé ó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀! Bí ohùn ẹni tí wọ́n di nímú ni. Ìkejì kò ní bọ́tìnnì kankan. Inú iná ló gbọ́dọ̀ wà, dátà kò gbọ́dọ̀ tán lórí rẹ̀, òyìnbó nìkan ló gbọ́, bí ènìyàn bá sì fẹ́ kó pe ẹnì kan lórí fóònù, àfi kó dárúkọ onítọ̀hún bó ṣe wà nínú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kàmọ́rù ka gbogbo rẹ̀ fún mi, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ rò ó dáadáa o. Ẹni tí kò ríran ló máa lò ó.” Mo ní kó tan ìkejì náà ká gbọ́. Alífáà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì nínú pálọ̀ wa. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí! À ń gbọ́ ibi tó ti ń mí, à ń gbọ́ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde lọ́nà ọ̀fun. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé àyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ó mà jókòó tì mí!” Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn ìyẹn? Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Mo ní iná kì í ṣe ìṣòro, a ní sólà. Dátà kì í ṣe ìṣòro, mo ń tajà. Mo mú ohùn dídùn.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ, ǹ bá má wá jókòó síwájú yín. Kàmọ́rù kọ́ ìyá wa bí wọ́n ṣe ń lò ó. “Kọ̀mpútà” ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè kó tó dá ènìyàn lóhùn, ìyá mi sì tètè mọ̀ ọ́n. Ó mọ bí a ṣe ń ní kó ké Kùránì, ó mọ bí a ṣe ń ní kó dákẹ́. Ó wá ku bí yóò ṣe pè mí. Kàmọ́rù ní, “Màmá, ẹ kàn sọ pé, Kọ̀mpútà, call, kí ẹ wá dárúkọ Àǹtí.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó fa ìbòrí síwájú. “Lọ́jọ́ ogbó mi yìí? Wallahi, mi ò lè ṣe é.” Kàmọ́rù náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò le, òun á yí orúkọ náà padà sí Ìyá Sọ̀díìkì. Fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní í pẹ́ ju kí ènìyàn sín lọ. Èmi ni mo sọ pé, “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mọ̀ ọ́n pè tó bá yá.” Kàmọ́rù wò mí. Ìyá mi náà yí orí sí ibi tí ohùn mi ti wá. Mo rí i pé ara wọn kò lélẹ̀, mo wá sáré sọ pé èmi fúnra mi á yí i tó bá dọ̀la.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ. Èmi, obìnrin tó ti ní ewú lórí, mo fẹ́ kí ìyá mi pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan kó tó kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ló máa fipá mú un. Mo rò pé lọ́jọ́ kan, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á wù ú mu, tàbí oògùn rẹ̀ á tán, á dẹ etí sọ́tùn-ún, á dẹ etí sósì, á mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́, á sì pè é. Mi ò ronú ìpọ́njú rárá. Irú ọmọ wo ló ń dẹ pàkúté sílẹ̀ de ìyá tó bí i?

Ilé wa dùn fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní í parọ́. Hájíyà Lárai á gbé ẹní wá, àwọn méjèèjì á jọ máa gbọ́ wáàsí lédè Hausa tí Kàmọ́rù tò sínú rẹ̀ fún wọn. Ìyá mi á gbàgbé, á fi Yorùbá bi ẹ̀rọ náà pé ṣé àkókò ìrun ti tó, ẹ̀rọ á fi òyìnbó tọrọ àforíjì, ìyá mi náà á ní, “Sannu, pẹ̀lẹ́, mi ò bá ẹ jà.” A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Bí Kàmọ́rù bá pè, á bi mí pé ṣé mo ti yí orúkọ yẹn. Màá ní mo ti ń ṣe é.

Ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ọjà kún, àwọn ìyá ọmọ ń du bàtà. Fóònù mi dún. Hájíyà Lárai ni, ó ń kígbe, “Ìyá Sọ̀díìkì, zo gida! Wá sílé kíákíá, Màmá ti ṣubú!” Mi ò mọ bí mo ṣe dénú kẹ̀kẹ́. Ìyá mi wà nílẹ̀ nítòsí tábìlì tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá òsì rẹ̀ rọ bí aṣọ. Iná wà. Dátà wà. Ní ọsibítù, dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ó ní ká ní a tètè gbé e wá ni, ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí. Mo ní báwo ni ǹ bá ṣe mọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó pè mí? Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀, níwájú dókítà.

Kàmọ́rù ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn máa ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá bá a sọ. Ó ṣí i lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ọ, ó fi í ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ̀rọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ketekete náà ló ṣe ń gbọ́ ketekete. Mo gbọ́ ìgbà tí tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi sórí táìsì. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ pé, “Kọ̀mpútà, call Ìyá Sọ̀díìkì.” Ẹ̀rọ fi òyìnbó dá a lóhùn pé òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún sọ ọ́. Ẹ̀rọ tún ní òun kò rí i. Ó wá fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́, “Kọ̀mpútà, ọmọ mi ni mo ní kí o bá mi pè, ọwọ́ mi ti ń kú.” Ẹ̀rọ tọrọ àforíjì. Ó ṣe Bísímílà bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù tó wúwo, ó sì pe orúkọ mi. Gbogbo rẹ̀ ló pè, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wa n’Ílọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtìjú fi máa jẹ́ kó pè é, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ẹ̀rọ kò mọ ohun tó wí. Ó tún pè é, láìpe Kọ̀mpútà mọ́, bí ìgbà tí ìyá ń pe ọmọ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rọ tí etí rẹ̀ ṣì là ní òun kò mọ ìyẹn, ó sì pa etí rẹ̀ dé.

Mo gbọ́ ọ títí mo fi mọ ibi tó ti ń mí. Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé ó dùn mọ́ mi? Ó ń pa mí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé fóònù lọ bá ìyá mi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti gbọ́, pé kí ó dárí jì mí. Mo tan ohùn náà sétí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi orúkọ mi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì lágbára fa ìbòrí bo ojú. Mo pa ohùn náà, mo dì mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ yẹn tì mí. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ògiri ló ń kọjú sí. Ṣé ìtìjú ni? Ṣé ìbínú ni? Ṣé ó ti mọ̀ pé èmi ni mi ò yí orúkọ náà padà? Kò sí ohùn tó máa fi sọ fún mi.

Hájíyà Lárai ní ohun tí ènìyàn fi ìtìjú bò láti ọjọ́ ayé rẹ̀, kí wọ́n bá a bò ó. Kàmọ́rù náà ní òun fẹ́ pa ohùn náà rẹ́ lọ́dọ̀ òun, kí èmi náà pa á rẹ́ lórí fóònù mi, pé kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ máa gbọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á rẹ́, tí ohùn ìyá mi kò sì padà mọ́, ibo ni mo tún ti fẹ́ gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀? Bí mo bá sì fi í pamọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí ìyá mi láṣọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Lánàá, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ní, “Màmá, èmi ni. Ìyá Sọ̀díìkì ni.” Mi ò dárúkọ kankan mìíràn. Kò yíjú padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìyá yín, àti ẹ̀yin tí tiyín ṣì ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán lónìí, Kàmọ́rù á pè mí, á ní kí n fún òun lésì. Kí ni kí n wí?