Igún Ò Wá Mọ́

Ní ìlú Idigny, níbi tí mo ti ń dúró kí wọ́n lẹ táyà alùpùpù mi, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín bàbá àgbẹ̀ kan àti ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹranko tó ń jẹ òkú ẹran.

"Bàbá, mo gbé òkú ewúrẹ́ sínú igbó, mo so kámẹ́rà mọ́ igi. Ajá wá, eṣinṣin wá, ṣùgbọ́n igún kankan ò wá. Ṣé wọn ò sí níbí ni?"

"Wọ́n wà tẹ́lẹ̀."

"Kí ló wá lé wọn lọ?"

Bàbá náà wolẹ̀ díẹ̀. "Ẹranko kan ló ń pa ewúrẹ́ mi. Mo da oògùn òwú, èyí tí a fi ń pa kòkòrò lóko, sára èyí tó pa kẹ́yìn, kó lè padà wá jẹ ẹ́, kó kú. Igún ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti kú káàkiri oko."

"Ẹranko náà ńkọ́?"

"Mi ò rí i."

Ọmọbìnrin náà yọ ìwé rẹ̀. "Ṣé kí n kọ ọ́, Bàbá? Mi ò ní dárúkọ yín."

"Kọ ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn pé mi ò mọ̀ pé àwọn ló máa kọ́kọ́ dé."