Owó Títì Àdúgbò Wa

Mùrí ọmọ mi, pa ilẹ̀kùn yẹn dé, kí o sì gbé àpótí fún Adùnọlá kó jókòó nítòsí mi, nítorí ohùn mi kò dé ọ̀nà jíjìn mọ́. Àìsàn yìí kò ní í fi mí sílẹ̀, mo mọ̀. N kò sì fẹ́ kí wọ́n wẹ̀ mí, kí wọ́n kírun sí mi lára, kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọ sàréè. Irọ́ ni ohun tí Ìwó gbà gbọ́ nípa mi, èmi fúnra mi ni mo sì pa á. O ti ń wò ó pé kí ló dé tí mo fi ránṣẹ́ sí Kuta láti pe Adùnọlá, ọmọ Ògúnbáyọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ti kú. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Adùnọlá, o kéré púpọ̀ nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ dé sí agbègbè wa. Àgbàrá ti jẹ àdúgbò wa débi pé ìpìlẹ̀ ilé ń yọ síta, ẹni tó bá ru omi bọ̀ láti odò ní láti di ara ògiri mú kó tó lè kọjá. Àṣẹ wá láti ààfin pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan tún ojú títì tirẹ̀ ṣe, kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí i, kí wọ́n sì fi yangí tẹ́ ẹ. Òyìnbó kò ní san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ la ó san án. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ṣílè márùn-ún wá, tàbí kó yọ ọkùnrin kan tó lágbára tí yóò máa gbẹ́ yangí ní kòtò tó wà lọ́nà Ilé-Ogbó títí iṣẹ́ yóò fi parí. Èmi ni baálé yàn pé kí n máa gba owó, kí n sì máa bójú tó àwọn tó ń gbẹ́ kòtò. Wọ́n ní ààfáà ni èmi Ṣàfíù, pé n kò ní í jalè.

Àsìkò yẹn gan-an ni kòkòrò jẹ obì tí mo fẹ́ kó lọ sí Ìlọrin tán nínú agbọ̀n. Ọwọ́ mi ṣófo, ìgbéyàwó rẹ sì ti sún mọ́, Mùrí. N kò fẹ́ kí o lọ sí kòtò. Ǹ bá lọ sọ fún baálé pé n kò ní, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ìtìjú kékeré tí mo sá fún nìyẹn o, ẹ wo ibi tó gbé mi dé.

Oyèníkẹ́, ìyá rẹ, Adùnọlá, ta agbádá ẹtù tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, èyí tó ń tọ́jú kí Abọ́dúnrìn ẹ̀gbọ́n rẹ lè fi gbéyàwó. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó tú owó náà ní etí ìró rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mùrí, ẹ bá mi fi fún wọn. Abọ́dúnrìn nìkan ni ọkùnrin tó kù nílé wa. Bí kò bá ráyè lọ sóko, kí la ó jẹ?"

Mo ní, "Dìde, Ìyá Abọ́dúnrìn. Ọmọ Ògúnbáyọ̀, ọmọ mi ni."

Nígbà tí mo dé ààfin, ìránṣẹ́ tó ń gba owó bi mí pé, "Ti ilé ta ni èyí?" Orúkọ Oyèníkẹ́ ni mo gbé sẹ́nu bọ̀ láti ilé. Mo la ẹnu, mo ní, "Ti ilé tèmi ni." Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá ta àgbàdo, n ó dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni olè ṣe máa ń rò. Mo padà lọ bá Oyèníkẹ́, mo ní wọn kò gba owó mọ́, ènìyàn ni wọ́n ń fẹ́, pé owó rẹ̀ wà nípamọ́. Kò jiyàn. Ó ní, "Bó bá ti jẹ́ bí ẹ ṣe wí nìyẹn, a gbọ́."

Abọ́dúnrìn gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó lọ. Kò bínú. Bó bá ti rí mi, á dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, ó wá bá mi lẹ́bàá kòtò, ó ní, "Bàbá, ara kòtò yìí ti là o. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú un díẹ̀ kí a tó wọ̀ ọ́." Ajẹ́lẹ̀ sì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí ilẹ̀ fi ya lé e. Ọwọ́ la fi hú u jáde, ó ti kú. Ìyá rẹ dé. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, ó sì ń fi gèlè rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò létí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Ẹ má tíì sunkún, nítorí n kò tíì dé ibi tó burú jù.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ lọ́jà pé ààfin gba owó títí iṣẹ́ fi parí. Ó wá bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá Mùrí, tèmi ńkọ́?" Mo lé e jáde. Ó gbé ẹjọ́ lọ bá baálé. Níwájú àwọn àgbà ni mo ti gbé ọwọ́ lé Kùránì búra pé kò fún mi ní nǹkan kan, pé ìbànújẹ́ ló dà á lórí rú. Ó ní, "Ẹ wo ojú mi, kí ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ, ṣùgbọ́n n kò wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ọjà ti ń sọ pé ó ṣahun owó títí ọmọ rẹ̀ fi kú. Ó mú ọ, ó di ẹrù rẹ̀, ẹ lọ sí Kuta. Mo gbọ́ pé títí ó fi kú ló ń sọ pé, "Mo san án. Mo san owó ọmọ mi."

Òjò kan kò wó títì yẹn láti ìgbà náà. Àwọn èèyàn ń kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run yóò san án fún mi. Àmín ni mo máa ń ṣe.

Mùrí, ìwọ tí o ní ọmọ, sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú wọn fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi sí wọn níkàáwọ́. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, bí wọ́n bá kírun tán, dìde ní mọ́sálásí, kí o sọ ohun tí o gbọ́ lẹ́nu mi. Má ṣe bò mí. Sọ pé Oyèníkẹ́ ìyàwó Ògúnbáyọ̀ san owó títì yìí. Ó fi aṣọ ọkọ rẹ̀ san án, wọ́n sì tún gba ọmọ rẹ̀ lé e.

Adùnọlá, n kò lè dìde, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Foríjì mí, bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, n kò ní bi ọ́ pé kí ló dé.